Ta Ni Ọ̀gá Ọmọ Tó Wọ Yúnífọ́ọ̀mù Yẹn?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí bí ènìyàn ṣe lè sanwó fún ilé oúnjẹ tó ti gbajúmọ̀ kó sì máa fi orúkọ wọn tajà, òwò tí wọ́n ń pè ní franchise. Ó dùn ún kà. Akọ̀ròyìn yín ṣàlàyé owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ yá orúkọ, ó ṣàlàyé ìpín tí olórúkọ, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ni orúkọ náà, ń mú nínú ohun tí wọ́n bá tà lóṣooṣù, ó sì ní ọ̀nà yìí dára fún ẹni tó lówó lọ́wọ́ ṣùgbọ́n tí kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. N kò bá a jiyàn lórí ìyẹn. Ọmọ tó dúró ní ìdí káńtà ni mo wá títí tí n kò rí. Láti òkè dé ìsàlẹ̀ àpilẹ̀kọ yẹn, kò sí ìlà kan tó sọ ẹni tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀.

Mínísírì ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Olùbẹ̀wò ni mí. Àwa la máa ń wọ ilé iṣẹ́, ilé epo, òtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ, tí a ó ní kí wọ́n gbé ìwé owó oṣù jáde kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Láti ìgbà tí mo ti wà nílé ní Òkè-Àdó níbí, àwọn aládùúgbò kò yéé kó lẹ́tà ìdádúró ọmọ wọn wá bá mi. Ìyàwó mi ní ó kù díẹ̀ kí n gbé pátákó síta. Ohun tí mo rí lẹ́nu iṣẹ́ àti ohun tí mo ń kà nínú àwọn lẹ́tà yẹn ló jẹ́ kí n kọ̀wé sí yín.

Àmì òwò ni orúkọ tàbí àwòrán tí a fi ń dá ọjà ẹnìkan mọ̀. Òfin àmì òwò tí a ń lò ní Nàìjíríà, ọdún 1965 ni wọ́n ti ṣe é. Òfin náà gbà kí ẹni tó ni àmì jẹ́ kí ẹlòmíràn máa lò ó, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni náà sínú ìwé ìjọba. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ irú àjọṣe tó wà láàárín àwọn méjèèjì, kó sì sọ bí agbára tí olórúkọ ní lórí ẹni tó yá orúkọ náà ṣe tó. Ìdí rẹ̀ kò lè rú ẹnikẹ́ni lójú: ẹni tó jẹun lábẹ́ àmì yẹn ní Ìkẹjà, irú adùn kan náà ló ń retí nígbà tó bá rí i ní Ìbàdàn. Ti Amẹ́ríkà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lábẹ́ òfin wọn tí wọ́n ń pè ní Lanham Act, ti ọdún 1946, olórúkọ tó bá yá ènìyàn ní àmì rẹ̀ tí kò sì mójú tó bí onítọ̀hún ṣe ń lò ó, àmì náà lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Nítorí náà, kí olórúkọ máa ṣọ́ ẹni tó yá orúkọ rẹ̀ kì í ṣe ìwà ìkà. Òfin ló ní kó máa ṣọ́ ọ.

Ìṣọ́ náà ló wá ń kọjá ààyè rẹ̀.

Mo wọ ilé oúnjẹ kan ní Ìbàdàn níbí nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. N kò ní dárúkọ wọn. Máníjà gbé ìwé ìlànà olórúkọ lé tábìlì níwájú mi, ó nípọn tó Bíbélì. Mo ṣí i. Àwọn ojú ewé ìṣáájú kò burú: bí adìyẹ yóò ṣe pẹ́ tó nínú òróró, ìgbà tí wọ́n gbọ́dọ̀ da òróró nù, bí fìríjì ṣe gbọ́dọ̀ tutù tó. Oúnjẹ nìyẹn, àmì wọn ni wọ́n ń ṣọ́. Nígbà tí mo dé àárín, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí adìyẹ. Bí èékánná ọmọ yóò ṣe gùn tó wà níbẹ̀, irú yẹtí tó lè fi sétí wà níbẹ̀, gbólóhùn tí yóò fi kí oníbàárà wà níbẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ yí i padà. Iye ènìyàn tó gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ wà níbẹ̀, iye tó gbọ́dọ̀ wà lálẹ́ náà wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀ bí wọ́n bá ti dé, ọ́fíìsì olórúkọ ní Èkó ló ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí. Bí máàkì ilé oúnjẹ bá já wálẹ̀ nígbà àyẹ̀wò, ìwé náà sọ irú òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́ṣẹ́ padà àti irú èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ mú kúrò.

Mo ní kó gbé ìwé owó oṣù wá. Wọ́n ti gé owó àwọn ọmọ náà: owó tó dín nínú àpótí, àwo tó fọ́, ẹni tó pẹ́ẹ́ dé. Ẹ jọ̀ọ́, kí àwọn òǹkàwé yín mọ èyí: Òfin Òṣìṣẹ́, abala karùn-ún, kò gbà kí agbanisíṣẹ́ gé owó òṣìṣẹ́ láti fi bu ìtanràn lé e. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí tó ṣe àìbìkítà, agbanisíṣẹ́ lè gé ìwọ̀n tó bójú mu, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ọ́fíìsì wa, nínú ìwé. Mo béèrè ìwé ìyọ̀ǹda. Kò sí. Ọkùnrin tó ni ibẹ̀ ní kí n má bínú, ó ní olórúkọ ló ń fi owó ìtanràn sí òun lọ́rùn bí máàkì bá já, òun náà sì ní láti rí i gbà níbì kan. Mo tẹ Èkó láago. Obìnrin kan tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ ló gbé e. Ó ní: “A ò ní òṣìṣẹ́ kankan ní Ìbàdàn, sà. Orúkọ wa nìkan la ní níbẹ̀.”

Àwọn àgbà ní ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Àwọn wọ̀nyí ní ẹrù nìkan ni tiwọn, àwọn kò mọ ẹni tó rù ú.

Ìyẹn ṣì fúyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀ràn ọmọ aládùúgbò mi kan. Ó lé ní ọdún márùn-ún tí ọmọbìnrin yìí ti wà ní ìdí káńtà ilé oúnjẹ mìíràn. Ẹni tó yá orúkọ jẹ olórúkọ lówó, olórúkọ sì fopin sí àdéhùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ọmọ débi iṣẹ́, wọn kò bá pátákó mọ́. Wọ́n gba yúnífọ́ọ̀mù lọ́rùn wọn. Owó oṣù méjì wà nílẹ̀ tí wọn kò tíì rí gbà. Nígbà tí mo lọ bá ọkùnrin tó gbà wọ́n síṣẹ́, òun náà ń sunkún, ó sì mú àdéhùn òun àti olórúkọ wá kí n kà á. Mo fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kà á. Ìwé náà sọ iye ọjọ́ tí pátákó gbọ́dọ̀ fi kúrò lókè. Ó sọ bí wọn yóò ṣe dá yúnífọ́ọ̀mù, ife àti ọ̀rá tí àmì wà lára rẹ̀ padà. Ó sọ èlé tí yóò máa gun orí owó orúkọ tí wọ́n bá jẹ. Ó ní kò gbọ́dọ̀ sọ bí wọ́n ṣe ń po èròjà adìyẹ fún ẹnikẹ́ni títí láé. Nípa owó oṣù àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀, ìwé náà kò sọ gbólóhùn kan.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí pátákó kan náà padà sórí ilé kan náà. Ẹlòmíràn ti yá orúkọ. Wọ́n pe ọmọbìnrin yìí padà nítorí pé ó mọ iṣẹ́, wọ́n sì fún un ní lẹ́tà tuntun. Bàbá rẹ̀ dúpẹ́, ó ní Ọlọ́run ti ṣe é. Èmi ní kó dúró ná. Òfin Òṣìṣẹ́ ní ẹni tó bá ti lo ọdún márùn-ún sókè, ìkìlọ̀ oṣù kan gbáko ló tọ́ sí i kí wọ́n tó dá a dúró. Ẹni tí kò bá ju oṣù mẹ́ta lọ, ọjọ́ kan péré ni. Òfin yẹn kan náà ní a kò gbọ́dọ̀ gbé òṣìṣẹ́ láti ọwọ́ ọ̀gá kan sí òmíràn láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ gbà, kí òṣìṣẹ́ ìjọba sì buwọ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tuntun ní kò sẹ́ni tó gbé ẹnikẹ́ni fún òun, ó ní orúkọ lòun yá, òun kò yá ènìyàn. Nínú ìwé, òótọ́ ló sọ. Káńtà tí ọmọ yẹn ń nù kò yí padà, aṣọ tó wọ̀ kò yí padà, àwọn oníbàárà tó mọ̀ ọ́n ṣì ń pe orúkọ rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ti sọ ọ́ di ẹni tó dé lánàá. Ta ni yóò wá san owó oṣù méjì àtijọ́? Ọ̀gá àkọ́kọ́ kò ní nǹkan kan mọ́. Ọ̀gá kejì kò jẹ ẹ́. Olórúkọ ní òun kò mọ̀ ọ́n rí.

Àwọn lọ́yà yóò ní kó lọ sí National Industrial Court, kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, ó kúkú wà ní Ìbàdàn níbí. Mo mọ̀ pé kóòtù yẹn ti dá ẹjọ́ àwọn tí ilé iṣẹ́ ńlá fi alágbàṣe gbà, tó sì ní agbanisíṣẹ́ ni alágbàṣe, agbanisíṣẹ́ náà ni ilé iṣẹ́ ńlá. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó oṣù méjì ọmọ yìí kò tó owó tí lọ́yà yóò kọ́kọ́ béèrè.

Ní báyìí, mo fẹ́ sọ ohun tí mo rò pé ẹnikẹ́ni kì í sábà kíyè sí, òun sì ni olórí ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí. Òfin owó oṣù tó kéré jù lọ ti ọdún 2019, tí wọ́n tún ṣe ní oṣù Keje 2024 tí iye rẹ̀ fi di 70,000 náírà, yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 25 sílẹ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 pẹ̀lú, ilé iṣẹ́ aládàáni tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè ló dè, pé kí agbanisíṣẹ́ máa fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù sílẹ̀, kí òṣìṣẹ́ fi ìdá 8 kún un. Ìyá tó ń ta aṣọ ní Gbági tó gba ọmọ mẹ́rin ṣe ìrànlọ́wọ́ ni àwọn aṣòfin ní lọ́kàn, wọn kò fẹ́ kí òfin wó o mọ́lẹ̀. Ó yé mi.

Ẹ wá jẹ́ kí a rò ó wò. Olórúkọ kan yá ogójì ènìyàn ní orúkọ, oníkálukú sì gba ọmọ 20. Ọmọ 800 ló wà lábẹ́ àmì kan, wọ́n ń wọ aṣọ aláwọ̀ kan, ìwé ìlànà kan náà ló ń darí wọn, gbólóhùn kan náà ni wọ́n fi ń kí oníbàárà. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tí òfin ní dandan kí wọ́n san 70,000 fún. N kò sọ pé ìdí tí wọ́n fi ń yáni lórúkọ nìyẹn. Ohun tí olórúkọ ń wá ni kí ẹlòmíràn fi owó ara rẹ̀ kọ́lé, kó ra jẹnẹrétọ̀, kí òun sì máa gba owó orúkọ. Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ń já sí nìyẹn. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, bí mo bá ti wọlé, orí ni mo kọ́kọ́ máa ń kà: 19, 22, 24. Ẹnìkan ò fi bò rárá, ó ní akáúńtáǹtì òun ti kìlọ̀ fún òun pé òun ò gbọdọ̀ gba ẹnì kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n láéláé.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń ṣiṣẹ́ ní irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ní Sacramento, ní Kalifọ́níà. Ní oṣù Kẹrin 2024, ó pè mí pé owó òun ti di 20 dọ́là ní wákàtí kan, nígbà tí iye tó kéré jù lọ fún àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ní ìpínlẹ̀ wọn jẹ́ 16. Mo béèrè pé ṣé ọ̀gá rẹ̀ lówó tó bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ṣọ́ọ̀bù méjì péré lọ̀gá mi ní o.” Ìyẹn ló mú kí n wá òfin náà kà. AB 1228 ni wọ́n ń pè é, Gómìnà Gavin Newsom ló buwọ́ lù ú ní oṣù Kẹsàn-án 2023. Òfin yẹn kò ka iye òṣìṣẹ́ tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù kan. Orúkọ ló kà. Bí ilé oúnjẹ tó ń jẹ́ orúkọ kan bá ti ju 60 lọ káàkiri Amẹ́ríkà, gbogbo ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ orúkọ náà ní Kalifọ́níà yóò gba 20 dọ́là, ì báà jẹ́ ṣọ́ọ̀bù méjì ni ọ̀gá rẹ̀ ní, ì báà jẹ́ ẹyọ kan.

Kò yẹ kí n fi ìyókù pamọ́. Nígbà tí àbádòfin yẹn kọ́kọ́ dé ilé ìgbìmọ̀ wọn, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé kí olórúkọ jọ jẹ̀bi pẹ̀lú ẹni tó yá orúkọ bí wọ́n bá rú òfin òṣìṣẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá gbógun tì í. Wọ́n yọ apá yẹn kúrò kí ó tó di òfin, ìyẹn sì wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn ilé iṣẹ́ náà fara mọ́ 20 dọ́là. Kóòtù wọn náà kò fara mọ́ ọn tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2014, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Kalifọ́níà dá ẹjọ́ ọmọbìnrin kan tó ní igbákejì máníjà ń fi ọwọ́ kan òun níbi tí òun ti ń ṣiṣẹ́ ní Domino's, àwọn oní-písà tó ń yáni lórúkọ. Ẹni tó yá orúkọ jẹ́rìí pé aṣojú Domino's ló sọ fún òun pé kí òun lé igbákejì máníjà náà lọ. Adájọ́ mẹ́rin ní ìyẹn kò sọ Domino's di ọ̀gá rẹ̀, pé àmì ni wọ́n ń ṣọ́, iṣẹ́ ojoojúmọ́ kò sí lọ́wọ́ wọn. Adájọ́ mẹ́ta kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́ta ni èmi wà, ṣùgbọ́n n kò ní ṣe bí ẹni pé òmùgọ̀ ni àwọn mẹ́rin.

Ìdí ni pé mo mọ obìnrin kan níbí tí ọbẹ̀ ọ̀fàdà rẹ̀ gbajúmọ̀. Ó ti forúkọ àmì rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fẹ́ jẹ́ kí ẹnìkan máa lò ó ní Abẹ́òkúta. Bí a bá ní gbogbo gbèsè tí onítọ̀hún bá jẹ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta yóò di ti ìyá yìí, kò ní yá ẹnikẹ́ni ní orúkọ láé, àfi àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó lè san owó lọ́yà nìkan ni yóò kù nínú òwò náà. Ohun tí mo ń wò ni ibi tí ìṣọ́ náà dé. Ẹni tó bá sọ irú ata tí wọn yóò lọ̀, tó sọ iná tí wọn yóò fi dá a, tó wá tọ́ ọ wò lóṣooṣù, àmì rẹ̀ ló ń ṣọ́. Ẹni tó bá ń sọ ìgbà tí ọmọ yóò dé àti ìgbà tí yóò lọ, tó ń bu ìtanràn tó ń padà já sínú owó oṣù ọmọ, tó sì ń sọ ẹni tí wọn yóò lé, ọ̀gá ni onítọ̀hún, ohun yòówù tí ì báà kọ sínú àdéhùn.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn aṣòfin wa l'Ábùjá ṣe kò le. Kí wọ́n tún gbólóhùn 25 àti 15 yẹn kọ, pé bí ilé iṣẹ́ bá ń lo orúkọ ẹlòmíràn fún owó, gbogbo òṣìṣẹ́ tó wà lábẹ́ orúkọ náà ni kí a kà. Ìyá ọlọ́fàdà pẹ̀lú ẹnìkan ní Abẹ́òkúta kò ní tó 25, òfin kò ní dé ọ̀dọ̀ wọn. Olórúkọ tó ní ogójì ṣọ́ọ̀bù, yóò dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Nípa owó oṣù tó bá wà nílẹ̀ nígbà tí àdéhùn orúkọ bá dópin, kí òfin ní olórúkọ kò gbọ́dọ̀ gbé pátákó padà sórí ilé náà fún ẹlòmíràn títí tí wọn yóò fi san án. Kí ẹni tó sì bá ń ṣiṣẹ́ lọ níbẹ̀ lábẹ́ ọ̀gá tuntun gbé ọdún rẹ̀ dání.

Ilẹ̀kùn tí ìjọba lè gbà wọlé ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ẹni tó ni orúkọ bá jẹ́ ará ìlú òkèèrè, wọ́n gbọ́dọ̀ mú àdéhùn náà lọ forúkọ sílẹ̀ ní NOTAP, ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, láàárín 60 ọjọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ báǹkì kò ní bá wọn fi owó orúkọ ránṣẹ́. Ìyẹn ni pé òṣìṣẹ́ ìjọba kan ń jókòó ka àdéhùn wọ̀nyí, ó ń wò ó bí owó tí wọ́n fẹ́ kó jáde kò bá pọ̀ jù. Ta ló ní kò lè ka ojú ewé kan sí i, kó béèrè ẹni tí yóò san owó àwọn ọmọ bí òwò bá dẹnu kọlẹ̀?

Ẹ bá mi bẹ akọ̀ròyìn yín kó padà sí ilé oúnjẹ tó kọ nípa rẹ̀ yẹn. Kó béèrè iye ọmọ tó wà níbẹ̀, kó sì béèrè ẹni tó pinnu iye náà. Kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà pẹ̀lú bí wọ́n bá ti fún wọn ní ìwé iṣẹ́, nítorí òfin ní wọ́n gbọ́dọ̀ rí i gbà kí oṣù mẹ́ta tó pé, orúkọ agbanisíṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Òǹkàwé yín tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí orúkọ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe èyí tó wà láyà aṣọ rẹ̀, kó fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì yín kí ẹ sì fún mi. Mo ṣetán láti bá a kà á, n kò sì ní gba kọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùbẹ̀wò tó ti fẹ̀yìn tì,
Òkè-Àdó, Ìbàdàn.